Àdúrà Oníbàárà Kì í Ṣe Owó: Bí Ẹ Ṣe Lè Wádìí Ohun tí Àwọn Ènìyàn Fẹ́ Kí Ẹ Tó Ṣe Ọjà

Ẹ ti ṣe é rí, tàbí ẹ mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ di èlùbọ́ sínú ọ̀rá, ẹ lẹ orúkọ mọ́ ọn, ẹ gbé e han ogún ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́ àti ládùúgbò. Gbogbo wọn ní, "Ó mà dáa o! Ẹ kú iṣẹ́. Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín." Ẹ wá yáwó, ẹ ṣe igba ọ̀rá. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, kòkòrò ti ń bá yín jẹ ẹ́ ní yàrá, àwọn tó ṣàdúrà sì ń ra ti kóńgò lọ́wọ́ ìyá tí wọ́n ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́.

Wọn ò purọ́ fún yín. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ tí wọ́n bá fi lọ̀ wá, pàápàá níṣojú ẹni tó sè é. Irú ìbéèrè tí ẹ bi wọ́n, àdúrà nìkan ló lè bá a mu, àdúrà náà ni wọ́n sì fi dá yín lóhùn.

Ẹni tó fẹ́ ṣe ọjà tuntun, tí kò sì lówó láti gba àwọn olùwádìí ọjà, ni mo kọ èyí fún. Èlùbọ́ iṣu ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin, nítorí òun ni mo ti fi jìyà. Ẹni tó ń rán báàgì ọmọ iléèwé tàbí tó ń se ọṣẹ dúdú lè fi tirẹ̀ rọ́pò. Tí ẹ ò bá kánjú, iṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, kí ẹ tó kan ìdánwò títà tó wà ní ìparí, tó máa gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan àti báìrò méjì. Fóònù lè gba ohùn sílẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ti gbé e síwájú ènìyàn, gẹ̀ẹ́sì àti àpọ́nlé ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí sọ.
- Pépà kéékèèké bí ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́.
- Ẹnìkejì tó lè dákẹ́. Ó ṣòroó rí ju bí ẹ ṣe rò lọ.
- Owó ọkọ̀, àti owó tí ẹ máa fi ra nǹkan lọ́jà, torí pé a kì í jókòó sí ìsọ̀ olówò lásán.
- Òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi gíráàmù hàn.
- Èlùbọ́ tí kò ju kílò mẹ́wàá lọ kí ẹ tó dé ìpele 7. Ẹ má ra àpò.

Ẹ ò nílò orúkọ ọjà, ẹ ò nílò àwòrán ara ọ̀rá, ẹ ò sì nílò ojú-ìwé Instagram. Ẹni tó bá ti náwó sórí àwòrán kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ àwòrán náà di ìdọ̀tí.

Ìpele 1: Ẹ kọ ohun tí ẹ rò sílẹ̀

Kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ gbà pé ó jẹ́ òótọ́ nípa àwọn tó máa ra ọjà yín. Ẹ kọ ọ́ ṣókí, ẹyọ kan lórí ìlà kan. Nínú tèmi, mo kọ pé: "Iyanrìn ló ń lé àwọn ènìyàn kúrò nídìí èlùbọ́ ọjà." "Wọ́n á san ju iye ọjà lọ tó bá mọ́." "Ìyàwó ilé ló ń rà á." "Kílò méjì ni wọ́n máa fẹ́."

Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ máa yí padà tó bá jẹ́ irọ́. Bí "kílò méjì" bá jẹ́ irọ́, ìwọ̀n ọ̀rá máa yí padà. Tí kò bá sí ohun tó máa yí padà, ẹ pa ìlà náà rẹ́. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ yín wá ìdáhùn tí kò ní ṣe ohunkóhun fún yín.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: àwọn kan máa ń kọ pé, "Mo fẹ́ mọ èrò àwọn ènìyàn nípa èlùbọ́." Ìyẹn ò mú ibì kankan jáde. Gbogbo Yorùbá ló ní èrò nípa èlùbọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹnìkejì yín ní ìwé náà, kí ó bi yín pé, "Kí ni mo lè gbọ́ níta tó máa mú yín fi ọjà yìí sílẹ̀?" Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, ìyìn lẹ ń wá kiri, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ mú irú ènìyàn kan ṣoṣo

Ẹni tó ń ra èlùbọ́, ẹni tó ń rò ó àti ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè jẹ́ ẹni mẹ́ta. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ sọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dáná fúnra rẹ̀, ìyá alámàlà tó ń lo àpò kan kí ọ̀sẹ̀ tó parí: ohun tí wọ́n ń wá kò bára mu rárá. Tí ẹ bá da ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan, ohun tí ẹ máa rí kò ní jọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ kọ irú ẹni tí ẹ mú ní gbólóhùn kan. Tèmi ni: "Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù n'Íbàdàn, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ro àmàlà ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀." Gbólóhùn yìí yọ ìyá mi kúrò, ó yọ èmi náà kúrò, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹni mélòó ló tó? Méjìlá ni kí ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí kan tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọgọ́ta obìnrin sọ ní Gánà àti Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ẹni méjìlá àkọ́kọ́, ohun tuntun tí àwọn tó kù ń mú wá kò tó nǹkan mọ́. Àmọ́ irú ènìyàn kan náà ni kí ẹ fi sọ́kàn. Tí ẹ bá tún fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn alámàlà, méjìlá mìíràn nìyẹn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: ẹ má mú ẹbí, ẹ má mú ọmọ ìjọ yín, ẹ má mú ẹni tó jẹ yín lówó. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín mú yín lọ bá ọ̀rẹ́ tirẹ̀ tí kò mọ̀ yín rí. Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwọn tó fẹ́ kó ọjà lọ síta: tó bá jẹ́ àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ fẹ́ tà fún, ọjà Bódìjà kò lè sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún yín. Ẹlòmíì lè máa fi iná mànàmáná dáná, ẹlòmíì inú àpótí ìrìnnà ni èlùbọ́ rẹ̀ ti máa ń dé. Àwọn gan-an ni kí ẹ pè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nínú àwọn méjìlá tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹni mélòó ló lè sọ fún yín láìfòyà pé èlùbọ́ yín kò dára? Tí wọn ò bá tó mẹ́jọ, ẹ wá àwọn mìíràn.

Ìpele 3: Ẹ lọ jókòó sọ́jà

Ìpele yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Ẹ lọ bá ìyá tó ń ta èlùbọ́, kì í ṣe ní àárọ̀ kùtùkùtù tó ń wá ẹni àkọ́rà. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ra nǹkan, ẹ wá sọ òtítọ́: "Mà, mo fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ra èlùbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè jókòó tì yín fún wákàtí méjì? Mi ò ní dí ọjà lọ́wọ́." Tí ìyá lọ́jà bá wà, ẹ jẹ́ kó gbọ́ sí i. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ìsọ̀ torí pé wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ owó orí ni.

Ẹ fa ojú ìwé yín sí mẹ́rin: ohun tí oníbàárà fọwọ́ ṣe, ohun tó fẹnu sọ, ohun tó rà, àti ohun tó fi sílẹ̀ lọ. Ìhà kẹrin yìí ló lówó lórí jù. Ẹni tó dúró, tó wò, tó lọ láìrà, kò sẹ́ni tó máa ń bi í pé kí ló dé.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, mo kọ nǹkan báyìí: obìnrin kan fi ìka mú èlùbọ́ díẹ̀, ó fọwọ́ rà á, ó wá fi sí ahọ́n. Òmíràn bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó jáde sínú oòrùn láti wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ò fọwọ́ kàn án rárá, ó kàn ní, "Ṣé ó ń fà?" Ọmọkùnrin kan dé, ó ní, "Ìyá mi ní kí ẹ fún mi ní irú ti ọjọ́ yẹn," ìyá náà sì wọ̀n ọ́n fún un láìbéèrè ọjọ́ wo. Gbogbo wọn, àtẹni tó nájà àtẹni tí kò ná an, ló dúró gba èènì.

Ẹ wá wo ọ̀rá àkọ́kọ́ tèmi. Ọ̀rá tí kò ṣeé rí inú rẹ̀ ni, pẹ̀lú àwòrán iṣu tó rẹwà. Mo ti gba ìka, ahọ́n àti oòrùn lọ́wọ́ oníbàárà, mo fi àwòrán rọ́pò gbogbo rẹ̀. Mo tún gba èènì rẹ̀. Mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tí wọn ò rà á.

Ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ lọ ní ìparí oṣù tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí ẹ tún lọ ní àárín oṣù. Ẹni tó ra kóńgò mẹ́ta ní ìparí oṣù lè jẹ́ ẹni tó máa ra ìdajì kóńgò ní àárín rẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀rá tí ẹ máa ṣe wà nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ ra kóńgò kan lọ́wọ́ ìyá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n nílé. Wọn kì í dọ́gba, torí pé ọwọ́ tó ń kó o jọ sórí kò dọ́gba. Ẹ kọ iye gíráàmù àti iye owó. A máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ohun tí ẹ kọ. Ó kéré tán, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kò sí lórí ìwé ìpele 1. Tí kò bá sí, ẹ̀rí fún èrò yín lẹ lọ wá lọ́jà, ẹ ò wo àwọn ènìyàn.

Ìpele 4: Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé wọn

Ilé ìdáná ló dára jù. Èlùbọ́ wà níbẹ̀, ajọ̀ wà níbẹ̀, orógùn wà níbẹ̀. Ènìyàn kì í gbàgbé níwájú ohun tó ń lò. Ẹ má mú ọjà yín dání. Bí wọ́n bá ti rí i, àlejò tó gbé ẹ̀bùn wá lẹ dà, ọ̀rọ̀ gidi sì parí.

Irú ìbéèrè tó ń ba nǹkan jẹ́ ni: "Mà, ṣé ẹ máa ra èlùbọ́ tó mọ́ tí a dì sínú ọ̀rá?" Kí lẹ fẹ́ kó sọ, pé ìdọ̀tí ni òun fẹ́? Á ní, "A máa rà á o, ẹ ṣáà mú un wá." Ọ̀la lẹ béèrè, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀la. Àná ni kí ẹ béèrè.

Bí ọ̀kan ṣe lọ rèé:

"Ẹ kú ilé, mà. Ìgbà wo lẹ ro ọkà gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ bó ṣe lọ, láti ìgbà tí ẹ gbé omi kaná."

"Mo gbé omi kaná, mo wá jọ èlùbọ́..."

"Ẹ kọ́kọ́ jọ̀ ọ́ ni?"

"Mo máa ń jọ̀ ọ́ o. Ti ọjọ́ yẹn, kòkòrò ni mo rí nínú ẹ̀."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Ọjọ́ kejì mo sá a sóòrùn, mo tún un jọ̀. Mi ò lè dà á nù, owó ni."

Ẹ wò ó pé kò sọ pé òun fẹ́ èlùbọ́ tó mọ́. Ohun tó sọ ni pé òun ń jọ̀ ọ́ nígbà gbogbo, òun ń sá a, ọkàn òun sì kọ̀ láti dà á nù. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i pé ènìyàn ń ṣe làálàá tí ẹnikẹ́ni kò rán an, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n nílò wà níbẹ̀. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ iyanrìn tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kò ṣe yọjú, tó jẹ́ pé kòkòrò ló yọ jáde. Kòkòrò máa ń dé nígbà tí èlùbọ́ bá pẹ́ nílé. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ìdérí nìyẹn, ó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọlọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń mú lọ kò ju mẹ́fà lọ:

1. Ìgbà wo lẹ rà á gbẹ̀yìn, níbo, èló?
2. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni yẹn?
3. Ẹ bá mi rò bí ẹ ṣe lò ó gbẹ̀yìn.
4. Ìgbà wo ló dójú tì yín tàbí tó bí yín nínú gbẹ̀yìn? Kí lẹ ṣe sí i?
5. Ǹjẹ́ ẹ ti gbìyànjú irú mìíràn rí? Kí ló mú yín padà?
6. Ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé yìí?

Ìkẹfà yẹn máa ń ṣe iṣẹ́ tó ya èmi gan-an lẹ́nu. Ènìyàn tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ bu èlùbọ́ kan máa ń fi ẹnu ọkọ tàbí ọmọ bù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn tí ó bá dáhùn, ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún nínú ọkàn yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ohun tó dára jù ló ń wọlé nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bí ó bá ní, "Àwọn ènìyàn máa ń...", ẹ rọra ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?" Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúrà fún iṣẹ́ yín, ẹ ṣe "Àmín" tọkàntọkàn, kí ẹ padà sí ìbéèrè kejì. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ ni kí ẹ kọ. Bí ó bá ní "ó ń fà", "ó ta kókó", "tó bá ti tutù ó máa ń já", ẹ má sọ ọ́ di "kò dára tó". Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n ọjà, òun náà lẹ sì máa kọ sára ọ̀rá lọ́jọ́ iwájú.

Tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ tàbí kọ nọ́ńbà fóònù wọn, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, kò sì yọ olówò kékeré sílẹ̀. Ẹ̀bùn ìdúpẹ́ dára, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá ń lọ ni kí ẹ fún wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọjọ́, ibi àti iye owó gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ẹ kọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé "ó ní ó dára" ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ fi orúkọ ẹni yẹn sílẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì. Bí ẹ bá sì bá ẹni méjìlá sọ̀rọ̀ tí inú yín kò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà tí ẹ gbà béèrè ni kí ẹ tún ṣe.

Ìpele 5: Ẹ to pépà

Ẹ kọ ohun kọ̀ọ̀kan sórí pépà kan, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹni tó sọ ọ́ sí igun rẹ̀. Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kó èyí tó jọra papọ̀. Ènìyàn ni kí ẹ kà, ẹ má ka pépà: obìnrin kan tó ráhùn nípa kókó lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹnì kan ni. Ohun tí ènìyàn ṣe sì wúwo ju ohun tó sọ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí Noriaki Kano, ará Japan kan, ṣe là á sílẹ̀ ní 1984. Àkọ́kọ́ ni ohun tí àìsí rẹ̀ ń bí ènìyàn nínú, tí wíwà rẹ̀ kò sì ní mú ẹnikẹ́ni yìn yín. Pé kí èlùbọ́ má ní iyanrìn wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ pé kò sí iyanrìn. (Tí ẹ bá kọ "kò ní iyanrìn" gàdàgbà sára ọ̀rá, ẹ̀yin ni ẹ máa rán wọn létí iyanrìn.) Ìkejì ni ohun tó jẹ́ pé bó ṣe ń pọ̀ sí i ni inú wọn ń dùn sí i: bí àmàlà ṣe ń fà, bó ṣe pẹ́ tó kó tó le. Ìkẹta ni ohun tí wọn ò retí rárá, tó máa mú wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ má lọ síbi ìkẹta kí ẹ tó parí àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọjà tó ń kú, ẹ̀ṣọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá kọ ohun tí wọ́n nílò ní gbólóhùn tí kò dárúkọ ọjà yín. "Wọ́n fẹ́ ọ̀rá onísíìpù" kò wúlò, ojútùú nìyẹn. "Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, mo fẹ́ ro àmàlà láìkọ́kọ́ jọ èlùbọ́" ló wúlò. Ẹ sọ ọ́ di ohun tí ẹ lè wọ̀n: ẹ fi ajọ̀ tiwọn jọ 500 gíráàmù, ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù lójú ajọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka gbólóhùn náà fún mẹ́ta nínú àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," tó sì fi ìtàn mìíràn kún un, ti jẹ́rìí. Ẹni tó bá ní, "Ó dáa," kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìpele 6: Ẹ ṣe díẹ̀, ẹ fi dán wọn wò

Ẹ̀yà méjì ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe mẹ́fà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu gbígbẹ tó wọ́n ju èkejì lọ yẹ lówó tí mò ń ná lé e. Ìdánwò àwo mẹ́ta ló ń sọ ìyẹn. Ẹ ro méjèèjì pẹ̀lú ìwọ̀n omi kan náà, irú ìkòkò kan náà, ọwọ́ ẹnì kan náà, kó sì jọ gbóná. Ẹ gbé àwo mẹ́ta síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan: méjì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀kẹta yàtọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà bí 417, 862, 259 sí wọn. Ẹ má kọ 1, 2, 3, torí pé àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ mú ti 1. Ẹ máa yí ipò àwo padà láti ẹnì kan sí èkejì. Ẹ ní kí wọ́n tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀.

Nínú ẹni méjìlá, bí wọ́n tilẹ̀ dijú tọ́ka, bí mẹ́rin á gbà á. Tí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá gbà á, ìyàtọ̀ náà wà lóòótọ́. Tí wọn ò bá tó mẹ́jọ, ẹ ò tíì rí ẹ̀rí pé ó tọ́ kí ẹ máa náwó lórí iṣu tó wọ́n. Àbájáde yìí dùn mí nígbà tí mo ṣe é, àmọ́ ó dín owó mi kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún àwọn méjìlá ní 500 gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbé e fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ wọn èyí tó ṣẹ́kù níṣojú wọn. Òṣùwọ̀n kì í ṣàdúrà. Ẹni tó ní "ó dùn gan-an" tó sì lo 80 gíráàmù ti sọ ohun méjì. Èyí tó wà lórí òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbàgbọ́, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ìdí.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ó bá fi eyín ya ọ̀rá, ẹ kọ ọ́. Mo rí obìnrin mẹ́rin tó ya ọ̀rá tán tó sì da gbogbo èlùbọ́ sínú ike onídèérí tó ti wà nílé wọn tipẹ́. Síìpù tí mo ń wá owó rẹ̀ kiri lọ́jọ́ yẹn, mo fi í sílẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa máa bu nínú ọ̀rá tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, kò sì sí ìwádìí tó lè gba orúkọ yín sílẹ̀ tí inú bá run ènìyàn. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú tiyín fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fún àlejò. Kí ẹ tó gbé oúnjẹ tí a dì, tí a lẹ orúkọ mọ́, sórí igbá, ẹ ti gbọ́dọ̀ bá NAFDAC parí ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tí ẹ padà lọ, ẹni mélòó ló ti lò ó ju ìdajì lọ? Ẹni mélòó ló béèrè ibi tí òun ti lè rí òmíràn kí ẹ tó la ẹnu? Ìbéèrè ìkejì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ìpele 7: Ẹ jẹ́ kí owó sọ̀rọ̀

Ẹ mú iye gíráàmù àti iye owó kóńgò tí ẹ kọ ní ìpele 3, ẹ ṣírò iye kílò kan lọ́wọ́ ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iye tí oníbàárà máa fi wé tiyín nìyẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ní kílò. Tí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ nínú gbólóhùn kan ohun tó máa rí gbà fún àlékún yẹn, kó sì jẹ́ ohun tó ti pépà jáde.

Ẹ má béèrè pé, "Èló lẹ lè san?" Ẹni tó bá rò pé òun máa rà á máa dárúkọ iye kékeré, ẹni tí kò ní rà á máa dárúkọ ńlá láti fi pọ́n yín lé. Ní 1976, Peter van Westendorp, ará Netherlands, gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ tó sàn ju ìyẹn lọ: iye wo ló pọ̀ jù tí ẹ ò ní rà á, iye wo ló kéré jù tí ẹ máa fura sí i, iye wo ló wọ́n díẹ̀ àmọ́ tí ẹ ṣì lè rà, iye wo ló máa dà bí ọjà ọ̀pọ̀ lójú yín? Ó dára fún wíwá ààlà. Ẹ wo èyí tí wọ́n máa fura sí dáadáa. Èlùbọ́ tí owó rẹ̀ bá kéré jù, wọ́n á ní ẹ ti da nǹkan mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹnu lásán ṣì ni.

Ìdánwò gidi ni kí ẹ ṣe ogún ọ̀rá, kí ẹ dá iye lé e, kí ẹ sì tà á fún irú ènìyàn tí ẹ kọ ní ìpele 2, tí wọn kò sí nínú àwọn méjìlá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye tí ẹ máa pè ní àṣeyọrí, kí ẹnìkejì yín buwọ́ lù ú. Tèmi ni: "Bí ẹni mẹ́jọ kò bá padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò ní ṣe igba." Tí ẹ ò bá kọ ọ́ ṣáájú, ọkàn yín á máa sún ààlà náà.

Ibi mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ níbí. Àwìn kò sí lára àwọn tó rà. Ẹ má kà á. Ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kan lè rà á torí ojú yín, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì là ń kà. Ìkẹta ni èènì. Ọ̀rá tí a ti lẹ̀ pa kò ní èènì, oníbàárà sì máa mọ̀ ọ́n lára láìsọ. Mo gbìyànjú láti fi owó dín in, wọn ò rí i bí èènì. Mo wá fi ọ̀rá kékeré kan, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan, sórí gbogbo ọ̀rá méjì tí ènìyàn bá rà papọ̀. Obìnrin kan gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ ọjà tà." Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní gbogbo àkókò yẹn, òun nìkan ni mo gbà pé ìyìn ni, torí pé owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka àwọn tó padà wá láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n tàbí fi WhatsApp rán wọn létí. Bí wọ́n bá tó iye tí ẹ kọ, ẹ lè lọ wá ẹni tó máa ya àwòrán ara ọ̀rá báyìí. Bí wọn ò bá tó, ẹ mú orúkọ àwọn tó rà á lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò padà wá, ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìpele 4: ìgbà wo lẹ rà á gbẹ̀yìn, níbo, èló?